Ẹsẹ̀ Nimat Wú Nígbà Kòrónà

Òjò ń ṣú bọ̀ láti orí òkè, kòkó tí wọ́n sá sì wà lórí àpáta lẹ́yìnkùlé Màmá Bashir ní Òdodé. Wọ́n ti ti ìlú pa nítorí kòrónà. Àwọn ọmọ Màmá ti wálé láti Èkó, wọ́n kún ilé bámú. Nimat, ìyàwó Bashir, nìkan ló ń dáná fún wọn, tòun toyún oṣù mẹ́jọ. Òun náà ló ń kó kòkó kí òjò tó dé, Màmá sì dúró tì í.

"Nimat, kòkó tó ti bàjẹ́ lò ń kó mọ́ èyí tó dáa. Ojú ẹ dà?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì. Orí sì ń fọ́ mi láti àná."

Màmá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò gba sálúbàtà mọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ báyìí, ìbejì ni. Tèmi náà wú bẹ́ẹ̀."

"Mo fẹ́ dé ọsibítù, Mà. Mi ò tíì lọ látìgbà tí wọ́n ti ti ìlú."

"Ọsibítù tí kòrónà ń sùn sí? Kó o wá kó àrùn ràn wá?"

Nimat bẹ̀rẹ̀ síbi kòkó, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó di àpáta mú.

Bernadette, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ń gbé ilé kejì, ń ká aṣọ lórí okùn, ó sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó da aṣọ sílẹ̀, ó kọjá wá.

"Nimat, ojú ẹ wú. Ọwọ́ ńkọ́?"

"Òrùka ò bọ́ mọ́, Àǹtí."

"Màmá, ẹsẹ̀ aláboyún lè wú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ojú àti ọwọ́ bá tún wú, tí orí ń fọ́, tí kò ríran dáadáa, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Gìrì lè gbé e. Ó lè pa tìyátọmọ. Ẹ jẹ́ kó lọ nísinsìnyí."

"Kòrónà ńkọ́?"

"Á wọ ìbòmú, á fọwọ́. Ìbòmú wà fún kòrónà, Mà. Kò sí ìbòmú ẹ̀jẹ̀ ríru."

Màmá wojú òjò. "Ta ni yóò wá kó kòkó?"

"Àwọn tó ń ta lúdò nínú ilé yẹn ńkọ́?"

Bashir ti gbọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ takisí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tó fi igi dí ọ̀nà rí ikùn Nimat, wọ́n gbé igi náà kúrò.

Ní ọsibítù, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru gan-an. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n dá a dúró, ibẹ̀ ló sì bímọ sí. Ọmọ kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ìbejì.

Màmá gbé ọmọ náà mọ́ra. "Kòrónà ò wọlé mi," ó ní, "díẹ̀ ló sì kù kó gbé ìyàwó mi lọ."

Ẹ̀yin ará ilé, bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, orí obìnrin ni iṣẹ́ ilé máa ń já lé, ìlera tirẹ̀ a sì gbẹ̀yìn. Ẹ bá a ṣiṣẹ́. Ẹ má dá aláboyún dúró láti lọ ṣàyẹ̀wò. Bó bá ní orí ń fọ́ òun, tí ojú òun sì ń ṣe bàìbàì, ẹ má ṣe dúró kí òjò dá.