Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Fi Kún Ìròyìn

"Irú èèyàn wo ni olè náà?" Ọ̀gá Kubík bi mí, ó sì ti ìwé tí mo kọ padà síwájú mi.

Ilé ẹ̀kọ́ wa ló rán mi lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù kan nílé ìwé ìròyìn ìlú wa, ní ìlà-oòrùn Slovakia. Ẹnì kan já báàgì gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan níwájú ilé búrẹ́dì. Gbogbo ohun tí ìyá náà rí kò ju ọmọkùnrin kan tó dé fìlà, tó sì ń sáré lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá, ló bá rẹ́rìn-ín.

"Darina, ta ló ń jalè nílùú yìí? Kọ 'ó jọ Jípísì' síbẹ̀, kí n lè fi orúkọ ẹ sí i."

Kò mọ̀ pé ọmọ ẹ̀yà Róòmà, àwọn tí àwọ̀ wọn dú díẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní Jípísì, ni bàbá mi. Ìyá mi tó pupa ni mo jọ, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni mo sì ń jẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé èmi ni ọmọ Vojtech tó ń la pákó. Mo fẹ́ rí orúkọ mi nínú ìwé ìròyìn lójú méjèèjì. Mo kọ ọ́. Ẹ má bá mi wá àwáwí.

Bàbá mi ra ẹ̀dà mẹ́ta. Orúkọ mi ló ń wò ní ibùdókọ̀ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin yí i ká, tí wọ́n ní kó gbé báàgì ìyá àgbà wá. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, orúnkún ń dùn ún, kò lè sáré. Ọ̀rọ̀ kan tí mo fi kún un ti tó wọn. Wọ́n yọ eyín rẹ̀ méjì, wọ́n sì ṣẹ́ ẹ lápá, àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ń wòran.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ọlọ́pàá mú olè náà. Ọmọ ẹni tó ni ilé búrẹ́dì ni. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé ọmọ Slovakia aláwọ̀ funfun ni. Ó fi bírò pupa fa igi lé ọ̀rọ̀ náà.

"Ta ló bi ẹ́ ní àwọ̀ rẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Ó yàtọ̀ lóòótọ́, sà. Bàbá mi ni wọ́n lù nítorí ẹ̀. Róòmà ni mí."

Ó wo ojú mi bíi pé kò rí i rí. Ó ní kí n máa lọ, kí n fi bírò sílẹ̀, torí ti ọ́fíìsì ni.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ, mo jẹ́wọ́ fún bàbá mi. Ó ní òun ti ka ìròyìn náà tán lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àwọn tó lù mí, mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ràn mi," ó ní. "Ìwọ ńkọ́, Darina?"

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ júwe olè bí ẹ ṣe rí i, ẹ má fi ẹ̀yà rẹ̀ júwe rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìṣẹ̀ lólè, bàbá tirẹ̀ sì lè wà láàárín wọn.