Ọwọ́ Tó Di Àkàbà Mú

Bándélé ti gun àkàbà dé ìdajì kó tó bojú wo àbúrò rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Túbọ̀sún, ṣé o dì í mú?"

"Mo dì í mú, Bùọ̀dá. Ọwọ́ méjèèjì."

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Túbọ̀sún, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fi ọwọ́ méjèèjì gbá àkàbà mú, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ìdí rẹ̀ gbọn-in. Orí àpáta ni ilé wọn wà ní Aké, àpáta tí òjò àti ẹsẹ̀ ènìyàn ti fọ̀ títí tó fi ń dán. Àwọn tí ilé wọn wà lórí erùpẹ̀ lè gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n ri ẹsẹ̀ àkàbà mọ́ ọn. Nílé àwọn Túbọ̀sún, ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ erùpẹ̀ yẹn. Bí ẹni tó dì í mú bá fi sílẹ̀, àkàbà á yọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 1983. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ewé máńgòrò ilé kejì ti ń já sínú gọ́tà òrùlé, ìyẹn páànù gbọọrọ tó ń gba omi òjò lọ sínú tánkì. Ó ti kún dẹ́nu. Omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́, tánkì sì ti gbẹ débi pé kọ́ọ̀pù ni ìyá wọn fi ń ha ìdí rẹ̀. Ojú ọ̀run ti ṣú lápá Olúmọ. Bí òjò bá rọ̀ bá gọ́tà dídí, ara ògiri ni gbogbo omi náà yóò gbà lọ, wọn ò sì ní rí ẹ̀kún kọ́ọ̀pù kan gbà.

Kí bàbá wọn tó lọ sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ó ti sọ bí wọn yóò ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní kí wọ́n bo ẹnu tánkì kí ìdọ̀tí má bàa wọ inú rẹ̀, kí ẹni tó wà lókè má sì sún mọ́ wáyà iná tó wà ní igun ilé. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá tó, kó sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n sún àkàbà, kó má ṣe na ara. Èyí tó tẹnu mọ́ jù ni pé ẹni tó di àkàbà mú kò gbọdọ̀ yọwọ́ títí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lókè yóò fi kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí bàbá náà ti sọ ní Ọjọ́rú, òun ló sì gba ọkàn Túbọ̀sún. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, Alàgbà Herbert, tí gbogbo ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Ìbarà nítorí pé ibẹ̀ ló ń gbé, ló wá fẹjọ́ sùn. Ó ní òun pàdé Túbọ̀sún àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lójú títì, ọmọ náà sì kí òun lóòró pẹ̀lú ọwọ́ nínú àpò. Òótọ́ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ lójú títì ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni, Túbọ̀sún ò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ó kàn ní, "Ọmọ tó bá tún dójú tì mí níwájú ẹ̀gbọ́n mi, kó má pe ara rẹ̀ lọ́mọ mi mọ́." Pàṣán ì bá sàn fún Túbọ̀sún ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Iṣẹ́ ń lọ. Bándélé ń kó ewé jíjẹrà sínú garawa, ó ń fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìyá wọn ń gbà á, ó ń lọ dà á nù lẹ́yìn ilé. Nígbà tó ku igun kan péré, àrá sán. Ìdánwò àṣejáde Bándélé kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ mọ́, ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì tó ń dúró dè é, ìkánjú sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn nígbà tí òjò bá ṣú? Dípò kó sọ̀ kalẹ̀, ó na ara. Túbọ̀sún mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ẹsẹ̀ àkàbà kan ti fúyẹ́.

"Bùọ̀dá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká sún un."

"Ó ku díẹ̀. Ìwọ ṣáà dì í mú."

Ìgbà náà ni Túbọ̀sún gbọ́ ìró ọ̀pá lórí àpáta. Bàbá Ìbarà yọ ní kọ̀rọ̀ ilé nínú agbádá funfun. Túbọ̀sún kí i láì yọwọ́. Bàbá náà kò dáhùn. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀, ó ń wò ó. Túbọ̀sún tún kí i. Kò fọhùn síbẹ̀.

Túbọ̀sún rò ó. Bí òun bá dúró báyìí, ẹjọ́ á tún dé etí bàbá òun. Bí òun bá sì dọ̀bálẹ̀, kí òun kanlẹ̀ kí òun dìde náà ni, kò ní pẹ́ rárá. Ó gbójú sókè wo gìgísẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yọwọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta.

Ó gbọ́ ìró igi tó ń yọ̀ lórí òkúta. Bándélé pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí Túbọ̀sún tó dìde, àkàbà ti wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń rọ̀ dirodiro lára gọ́tà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò tẹ̀. Túbọ̀sún gbé àkàbà. Bàbá Ìbarà ju ọ̀pá nù, ó sáré bá a gbé e. Ó kù díẹ̀ kó kan ẹsẹ̀ Bándélé nígbà tí ìṣó gọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Páànù náà ya kúrò lára ilé, Bándélé sì já lulẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ fi kan àpáta. Ìyá wọn sáré dé láti ẹ̀yìn ilé bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà ní egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, kò sì ní lè di kálàmù mú títí ìdánwò yóò fi kọjá. Ìdánwò di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Bándélé kọjú sí ògiri. Túbọ̀sún pè é, kò dá a lóhùn. Ìtìjú bo Túbọ̀sún, ó dùn ún dé egungun, ó sì sunkún.

Nígbà tí bàbá wọn dé bá wọn níbẹ̀, ó béèrè ẹni tó di àkàbà mú. Túbọ̀sún wólẹ̀ níwájú àwọn àgbà méjèèjì. Bàbá Ìbarà ló fà á dìde.

"Mo gbọ́ nígbà tí ọmọ yìí kí mi," ó sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló kí mi. Mo rí àkàbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí Bándélé lórí rẹ̀, síbẹ̀ mo dákẹ́ kó lè wólẹ̀ fún mi. Nígbà tó wólẹ̀, inú mi dùn." Ó fi apá agbádá nu ojú. "Inú mi ò tíì dùn tán tí mo fi gbọ́ ìró àkàbà."

Bàbá Túbọ̀sún rántí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ní Ọjọ́rú, ó sì tẹ orí ba. Ìyá wọn kì í sọ̀rọ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú o, Bàbá. Bí ọmọ bá ru omi bọ̀ láti odò, kò sí àgbà tó ń retí ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà á ní ẹrù ń bẹ lórí òun, àgbà á sì ṣàdúrà fún un. Ọmọ mi ló wà lórí àkàbà yẹn. Kì í ṣe omi."



Ọjọ́ tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, Bándélé jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Láti ọjọ́ tó ti já, kò tíì bá Túbọ̀sún sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó dìde lójijì, ó wo òrùlé. Bàbá wọn ti kan gọ́tà padà, ṣùgbọ́n ewé tún ti dí i.

"Lọ gbé àkàbà wá," ó wí. "Ìwọ lo máa gùn ún. Ọwọ́ òsì mi ò ṣẹ́."

Túbọ̀sún gùn ún. Ìyá wọn di ẹsẹ̀ àkàbà kan mú. Bándélé fi ọwọ́ òsì di èkejì, ó sì fi gbogbo ara tì í. Ibi tí ọwọ́ Túbọ̀sún ò tó, ó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sún un, ó tún gùn ún. Ó wà lókè nígbà tí Bàbá Ìbarà wọlé wá láti bẹ Bándélé wò. Ìyá wọn kò kúnlẹ̀. Bándélé kò yíjú.

"Ẹ káàsán, sà," ó wí. "Àbúrò mi ń bẹ lókè."

"Kú iṣẹ́, ọmọ mi," Bàbá Ìbarà dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Má yọwọ́ o."

Túbọ̀sún gbọ́ ọ lókè níbẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ sínú gọ́tà. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ dá òun dúró láti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kò sì jẹ́ kí ìbẹ̀rù àgbà yọ ọwọ́ òun níbi tí ẹ̀mí ènìyàn bá wà lọ́wọ́ òun. Ọ̀wọ̀ dára, ọmọ tó ní in níyì. Ṣùgbọ́n àgbà tó mọyì ọ̀wọ̀ á dúró dè é títí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lókè yóò fi kanlẹ̀.