Ta Ló Ń Fi Ẹja Ránṣẹ́ sí Asimína?

Àwọ̀n ẹja ló mú Asimína kí ojú Pantẹ́lì tó rí i. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté wa, tí ó gbójú sókè tí ó ń wo àwọn ilé funfun lórí òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú àwọ̀n tí Pantẹ́lì tẹ́ sílẹ̀ láti tún ṣe. Ó jókòó gbì sáàárín rẹ̀. Fìlà rẹ̀ fò lọ sínú òkun.

Pantẹ́lì gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀, ó wò ó títí. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ẹja," ó ní. "N ò mọ̀ pé orí ilẹ̀ ni wọ́n wà."

"Ẹja eléegun ni mí o," Asimína dá a lóhùn. "Rọra yọ mí."

Tíṣà ni Asimína ní ìlú ńlá Átẹ́ǹsì, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sì wá fi sinmi lọ́dọ̀ wa. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, Pantẹ́lì ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, òun náà sì ti kọ́ Pantẹ́lì bí èèyàn ṣe ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́. Ìfẹ́ wọlé, kò kanlẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Pantẹ́lì lẹ́rù: ìyá rẹ̀, Màmá Fróso, ti búra pé ọmọ ìlú ńlá kankan kò ní fi bàtà gogoro wọ ilé apẹja.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Asimína jókòó sí ilé kọfí Tódórì, ni Tódórì bá gbé abọ́ ẹja díndín kan síwájú rẹ̀. Asimína kò béèrè fún un. Àṣà wa ni pé bí ẹnìkan bá fẹ́ yẹ́ ọ sí, yóò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí tábìlì rẹ, onílé kọfí kò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀, àfi kí ó fúnra rẹ̀ jáde wá. Asimína wò yíká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jẹ ẹja náà torí-tìrù. Eegun nìkan ló kù nínú abọ́, ó funfun bí òòyà.

Pantẹ́lì rí i láti òdìkejì ọ̀nà. Owú ta á bí agbọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, abọ́ tún dé. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún dé. Pantẹ́lì ń fojú burúkú wo gbogbo ọkùnrin abúlé, kò yọ akọ̀wé ìjọ wa sílẹ̀, ẹni ọgọ́rin ọdún tí kò ní eyín kan lẹ́nu. Nígbẹ̀yìn, Tódórì ló wá fura sí, nítorí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó sì ń fi òróró pa túbọ̀mu. Ó lọ bi í léèrè. Tódórì ń nu ife, ó ní àṣà ni àṣà.

Ni Pantẹ́lì bá fi ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yíyan ránṣẹ́ ní tirẹ̀, èyí tí ó fi gbogbo òwúrọ̀ nà mọ́ àpáta kí ó lè rọ̀. Asimína ti yó. Ó gbé e fún àwọn ológbò. Pantẹ́lì dúró lẹ́yìn ògiri, ó ń wo bí ológbò mẹ́fà ṣe ń jẹ ìfẹ́ rẹ̀.

Ó yọ sí i. "Ta ló ń fi ẹja ránṣẹ́ sí ẹ?"

Ẹnu ya Asimína. "Ṣé ìwọ kọ́ ni?"

"Èmi kọ́. Àṣé ẹja ọkùnrinkọ́kùnrin ló ń dùn lẹ́nu ẹ."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Omi lé ròrò sójú Asimína. Ó ní ọkùnrin tí kò mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí àgbèrè, kí ó máa bá àwọn ológbò ṣeré. Ìsinmi òun parí, òun ń bá ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ gúnlẹ̀, wọ́n ti gbé àpótí Asimína wọ inú rẹ̀. Pantẹ́lì sì di túbọ̀mu Tódórì mú lójú gbogbo ayé, ó ní kí ó jẹ́wọ́. Omi ń bọ́ lójú Tódórì, síbẹ̀ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àfi bí Màmá Fróso ṣe fi ìgbọ̀nwọ́ la èrò kọjá, tòun ti abọ́ lọ́wọ́.

"Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi ni mò ń fi ẹja ránṣẹ́."

 Màmá gbé eegun ẹja tí Asimína jẹ kù sókè nínú abọ́. Ó ní obìnrin tó bá ń sọ orí ẹja nù kò mọ iye ìjì tí ọkọ rẹ̀ rí kó tó pa á. Òun dán ará Átẹ́ǹsì yìí wò kí òun lè rí ẹ̀rí kọ̀ ọ́ ni. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ẹran lára eegun yìí, n ò rí. Irú ìyàwó báyìí lo fẹ́ jẹ́ kó lọ?"

Inú gbogbo wa dùn, àfi Asimína.

"Màmá, ẹ má bínú," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Orí ẹja máa ń rí mi lára. Mo rò pé ọmọ yín ló fi ránṣẹ́ ni mo ṣe ń dijú gbé e mì."

A rò pé abọ́ yóò fò. Màmá wò ó, ó wò ó, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ẹni tó bá lè gbé ohun tó ń rí i lára mì nítorí ìfẹ́, òun nìkan ló lè bá ìwọ gbé."

Ọkọ̀ fọn fèrè. Pantẹ́lì sún mọ́ ọn, gbogbo ariwo ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, dárí jì mí. Bí o bá dúró, gbogbo orí ẹja ilé wa, èmi ni n ó máa jẹ ẹ́ títí n ó fi kú."

 Ọkọ̀ gbéra tòun ti àpótí Asimína, obìnrin náà kò sì bojú wẹ̀yìn wò ó. Ó bọ́ bàtà gogoro, ó rìn lọ síbi tí wọ́n sá àwọ̀n sí, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó sì jókòó.

"Ṣé wàá wá yọ mí ni," ó ní, "àbí o fẹ́ kọ́kọ́ bi mí pé ta ló gbé mi síbẹ̀?"

Pantẹ́lì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò béèrè.