Ibùsùn Ẹnìkan Tí Káfíńtà Kàn

Bí ẹ bá gbọ́ ìró ìfági lẹ́yìn ilé Káfíńtà láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó ń kàn. Ẹ béèrè ohun tó ń dùn ún. Ọkùnrin náà kì í sọ ìdààmú ọkàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pákó ló máa ń sọ ọ́ fún. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ fìdí rẹmi nílé ìwé, ó kan tábìlì. Nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, ó kan àpótí gbàǹgbà kan tí a kò mọ ohun tó fẹ́ kó sínú rẹ̀ títí dòní.

Lọ́tẹ̀ yìí, ibùsùn ló ń kàn.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lójúde ilé wọn, jáde wá wò ó. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Ó bọ́ ọ lọ́rùn, ó fi wọn ìbú ibùsùn náà. Ẹni tó ti ń wọn ara èèyàn láti kékeré kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ẹnikẹ́ni ní iye ara tí ibẹ̀ lè gbà.

"Bàbá wọn, ta ló fẹ́ máa sùn síbí?"

Káfíńtà kò gbójú sókè. Ó ní dókítà ló ní kí òun máa dá sùn, nítorí àìsàn ọkàn òun, pé pálọ̀ ni òun máa gbé e sí. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá ibi tó ti fá tán.

Irọ́ gbáà ni. Kò sí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà òjò tó kọjá, àyà fún Káfíńtà pinpin lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ṣubú sáàárín èérún pákó. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn rẹ̀ ti fún. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò láràárọ̀, àti oògùn kékeré kan tí yóò máa fi sábẹ́ ahọ́n nígbàkigbà tí àyà bá tún fún un. Ara rẹ̀ yá, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú yàrá, ara náà kò jẹ́ ìpè mọ́. Ó gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ó tún gbìyànjú, ojú tì í, kò sì gbìyànjú mọ́. Láti ìgbà náà, kò lè jókòó sójú kan. Bó bá jẹun, á dìde kí ó tó jẹun tán. Bó bá wọlé, á ní òun gbàgbé nǹkan sí ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ìyàwó náà ní tirẹ̀ lára. Òun ló gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan lọ́jọ́ tó ṣubú. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sún mọ́ ọn lórí ibùsùn, ọkàn rẹ̀ lè dákẹ́, ni ó bá ń kọjú sí ògiri sùn. Ọkọ rí ẹ̀yìn ìyàwó, ó ní òun ti sú u. Ìyàwó rí ibùsùn ẹnìkan, ó ní ọkọ òun ti rí ẹlòmíì. Inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, síbẹ̀ wọn kò lè sọ gbólóhùn kan ṣoṣo síra wọn.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà sọ ni kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Káfíńtà ni, ọ̀dà ló ń fi kun ilé, Mo-ti-gbọ́ sì ni gbogbo wa ń pè é, torí kò sí ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un tí kò ní í ní òun ti gbọ́. Ó yà sí ìsọ̀, ó rí ibùsùn tóóró náà, ó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní òun ti gbọ́ nípa irú rẹ̀. Ó ní oògùn àràárọ̀ yẹn ló ń pa okun ọkùnrin, kí Káfíńtà yáa pa á tì. Lọ́jọ́ kejì ó mú ìyẹ̀fun kan wá nínú bébà, ó ní ewé àti egbò lásán ni, kò léwu, pé bó bá lò ó tán, yóò fi ibùsùn yẹn dáná. Káfíńtà ju ìyẹ̀fun náà sínú agolo ìṣó. Ó pa oògùn àràárọ̀ tì lóòótọ́. Ó sì mú ọjọ́ tí yóò lo ìyẹ̀fun: ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ nílé ìwòsàn gan-an, bó bá ti padà délé.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ìyàwó rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń tẹ̀ lé e.

"Mo fẹ́ kí dókítà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé kí ẹ máa dá sùn."

Wọ́n jọ lọ. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà lọ́ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti yẹ̀. Àwọn aláìsàn jókòó, àwọn tó sìn wọ́n wá fara ti ògiri. Káfíńtà jókòó, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, ó tún dìde. Òógùn bò ó, kò sì sí oòrùn níbẹ̀.

Dókítà kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Nọ́ọ̀sì kan pè wọ́n sí yàrá kékeré, ó ti ilẹ̀kùn. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Káfíńtà, ó ní ó ga ju ti ìgbà tó kọjá lọ. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó ń béèrè bí ẹnìkan ṣe sùn, ó ní:

"Bàbá, ṣé àìsàn yìí ti yí ìbálòpọ̀ ẹ̀yin àti màmá padà?"

Káfíńtà wo ilẹ̀kùn. Ó wo òrùlé. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rẹ́ òun kan ló ní irú ìṣòro náà.

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọ̀rẹ́ náà má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn ọkàn, kíndìnrín, àtọ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ ló ń rí i, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó lè jẹ́ àìsàn fúnra rẹ̀ ló fà á, ó lè jẹ́ oògùn, ó sì lè jẹ́ ìbẹ̀rù.

"Ṣé ọ̀rẹ́ yín ti ń lo nǹkan sí i?"

"Wọ́n fún un ní ìyẹ̀fun kan. Kò tíì lò ó."

"Ìgbà wo ló fẹ́ lò ó?"

"Lónìí," ni Káfíńtà wí.

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Ọ̀rẹ́ yẹn kan ibùsùn tuntun. Mo wọ̀n ọ́n. Kò gba èèyàn méjì."

Káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ara tí kò jẹ́ ìpè, irọ́ tó pa mọ́ dókítà, oògùn tó pa tì, ìyẹ̀fun inú agolo ìṣó.

Nọ́ọ̀sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Oògùn tẹ́ ẹ̀ ń fi sábẹ́ ahọ́n, ńṣe ló ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Oògùn tó ń fún ọkùnrin lágbára pẹ̀lú ń tú u sílẹ̀. Bí méjèèjì bá pàdé lára, ìfúnpá yín lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ ṣubú, kí ẹ má dìde mọ́. Àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun á ní ewé àti egbò ni, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń lọ oògùn agbára òyìnbó yẹn pọ̀ mọ́ ọn, wọn ò sì ní í sọ fún yín."

Ìyàwó di apá ọkọ rẹ̀ mú. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ìdí tó fi béèrè. Ó ní tẹ́lẹ̀, àwọn kì í béèrè, àwọn rò pé ẹni tó ń bá ikú wọ̀jà kò ráyè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, aláìsàn náà kò sì ní í sọ nítorí ìtìjú. Ní báyìí, àwọn olùwádìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ nílé ìwòsàn náà, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń fà á àti irú ìrànwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ jù.

"Àbí ẹ fẹ́ fi mí dán oògùn wò ni?" Káfíńtà béèrè.

"Rárá o. Nínú ìwádìí tiwa yìí, ìbéèrè la ó máa bi yín, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, olùdámọ̀ràn á sì bá ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀. Orúkọ yín ò ní í jáde. Bí ẹ bá ní ẹ ò ṣe, ìtọ́jú yín ò ní í yí padà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tí ó sú yín, ẹ lè fi í sílẹ̀." Ó yíjú sí ìyàwó. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà? Kí ló wà lọ́kàn yín?"

Kò sẹ́ni tó ti bi í rí. Ẹkún ló kọ́kọ́ fi dáhùn, kó tó sọ ọ̀rọ̀ ògiri. "Mo rò pé ọwọ́ mi ló máa pa á."

"Èmi sì rò pé mo ti sú ẹ," ni Káfíńtà wí.

Dókítà dá oògùn àràárọ̀ padà fún un lọ́jọ́ náà, ó sì ní òun yóò ṣe àyẹ̀wò bóyá ó ṣeé pààrọ̀ sí irú mìíràn. Ó ní kó gun àtẹ̀gùn kí òun fi dán ọkàn rẹ̀ wò, ó ní bó ṣe lágbára yìí, kò sí ohun tó ní kí ọkọ àti ìyàwó máa bẹ̀rù ara wọn. Wọ́n jọ gbà láti wọ inú ìwádìí náà. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan tọ́ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni, ọjọ́ mìíràn sì wà tí kò dára rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ síra wọn, ìyàwó kò sì kọjú sí ògiri mọ́.

Ìfági tún dún lẹ́yìn ilé. Káfíńtà rẹ́ ibùsùn tóóró náà, ó sọ ọ́ di bẹ́ǹṣì gígùn fún ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ fi téèpù wọn ìjókòó, ó rán tìmùtìmù sí i. Mo-ti-gbọ́ yà sí ìsọ̀, ó rí wọn, ó ní òun ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Èyí, o ò gbọ́ ọ rí," ni Káfíńtà wí. "Jókòó."

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ yín ni. Bí àìsàn líle bá ti yí ìbálòpọ̀ yín padà, ẹ sọ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, bí wọn kò tilẹ̀ béèrè. Ẹ má ṣe dá oògùn yín dúró fúnra yín. Ẹ má lo oògùn agbára tí dókítà yín kò mọ̀ sí, pàápàá ẹ̀yin tó ní oògùn abẹ́ ahọ́n. Bí wọ́n bá pè yín sí ìwádìí, ẹ béèrè ohun tí wọn yóò ṣe àti ohun tó lè wu yín léwu níbẹ̀, kí ẹ tó pinnu fúnra yín. Ẹ mú ọkọ tàbí aya yín dání. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Bẹ́ǹṣì náà ṣì wà lọ́ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ẹni tó sin aláìsàn wá kò fara ti ògiri mọ́, ibẹ̀ ló ń jókòó tì í.