Afẹ́fẹ́ Tó Ní Ara

Ìgbì ìjì já ọ̀pá tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ìlú Ìdí-Òkun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń jẹun lọ́wọ́. Nígbà tí omi gba etíkun lọ́wọ́ àwọn bàbá wọn ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sísàlẹ̀ òkun: ilé onídígí tó nípọn, oko inú ilé, òpópónà tí oòrùn kì í dé. Òkè ni gbogbo èémí wọn ti ń wá. Bí ọ̀pá ṣe já, àwọn ilẹ̀kùn irin pa ara wọn dé, àgbá ìfipamọ́ afẹ́fẹ́ sì ṣí.

Iṣẹ́ ọwọ́ Ìbídùn, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà, ni àgbá náà. Àwọn àgbá àtijọ́ tóbi bí ilé, wọn ò sì fún afẹ́fẹ́ inú wọn pọ̀ púpọ̀. Tirẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó fún afẹ́fẹ́ mọ́ inú rẹ̀ gádígádí. Ó wo abẹ́rẹ́ tó ń fi hàn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ara àgbá tó, ó fi ìṣirò tí ìlú ti ń lò látayébáyé ṣírò rẹ̀.

Ó ní, "Yóò tó wa títí ìjì yóò fi rọlẹ̀ tí wọn yóò fi tún ọ̀pá so."

Baálẹ̀ Ṣówándé kò fara mọ́ ọn. "Ìbídùn, ìjì yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Jẹ́ kí àwọn kan nínú wa wọkọ̀ gòkè nísinsìnyí, kí èémí lè pọ̀ fún àwọn tó kù."

"Bàbá, ẹ má bínú. Kí la fẹ́ fi ẹ̀mí èèyàn wewu lójú omi fún, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń bẹ nílẹ̀? Ìṣirò kì í purọ́."

"Èmi ò ní ó purọ́. Mo ní a kò tíì lo àgbá yìí rí."

Ìgbìmọ̀ ìlú gbè sẹ́yìn Ìbídùn, Baálẹ̀ sì gba ti wọn.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, abẹ́rẹ́ ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbídùn rò pé àgbá ń jò. Ó fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀ lára, kò sí ibi tó hó. Àgbá kò jò; ìṣirò ló ṣìnà.

Ìṣirò ìlú ka afẹ́fẹ́ sí ohun tí kò lára: bí ẹni pé àwọn ẹyọ wínníwínní inú rẹ̀ kò gba àyè, wọn kò sì mọ ara wọn. Nínú àwọn àgbá ńlá àtijọ́, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́, bí ìgbà tí èèyàn márùn-ún bá dúró káàkiri pápá. Ṣùgbọ́n kó odindi ìlú sínú yàrá kan, ara oníkálukú á gba àyè mọ́ ẹnìkejì lọ́wọ́, wọn á sì máa ti ògiri bí ẹni pé wọ́n ju iye wọn lọ. Bí afẹ́fẹ́ gidi ṣe ti abẹ́rẹ́ Ìbídùn nìyẹn. Agbára rẹ̀ pọ̀, iye rẹ̀ kò tó. Ìbídùn ti kọ́ èyí nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ìṣirò àtijọ́ ti ń jẹ́ fún wọn débi pé kò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ó sáré tọ Baálẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, mo ṣì í. Afẹ́fẹ́ inú àgbá kò tó bí mo ṣe wí. Bí àwọn kan ò bá lọ, gbogbo wa la máa kú."

"Ìjì ti gbóná báyìí."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn lọ."

"Rárá. Ta ni yóò ṣọ́ àgbá? Dúró tì í."

Ọkọ̀ mẹ́ta ló gòkè. Àyọ̀ká, ọmọ Baálẹ̀, ló wa èyí tó kẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá mi, ẹ má wò mí báyẹn. Ṣebí omi niṣẹ́ mi."

Nígbà tí ìjì rọlẹ̀, wọ́n tún ọ̀pá so. Ọkọ̀ méjì ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Wọn ò rí ti Àyọ̀ká.

Ìbídùn lọ sílé Baálẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá náà fọwọ́ júwe àga fún un.

"Nígbà tí wọ́n so ọ̀pá, ǹjẹ́ afẹ́fẹ́ ṣẹ́ kù nínú àgbá?"

"Díẹ̀ báyìí ni, Bàbá. Ká ní wọn ò lọ ni, kì bá tí sí ẹni tí yóò sin ẹnì kan."

"Ká ní wọ́n lọ láàárọ̀ ńkọ́?"

Ìbídùn tẹjú mọ́lẹ̀. "Omi ò tíì ru púpọ̀ nígbà yẹn. Gbogbo wọn ì bá gúnlẹ̀."

Baálẹ̀ fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣàlàyé ohun tí afẹ́fẹ́ yẹn ṣe nínú àgbá fún mi."

Ó ṣàlàyé, ó ń sunkún. Nígbà tó parí, bàbá náà mi orí.

"Kò tíì yé mi. Tún un sọ."

Ìbídùn nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.