Àwọn Ìràwọ̀ Tí A Ṣà Dànù

Tẹlifóònù orí tábìlì mi kò ní wáyà nídìí mọ́, síbẹ̀ ó dún lọ́sàn-án gangan. Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi gbé e.

"Ọmọ mi," ohùn obìnrin àgbàlagbà kan ni, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mú bírò."

Iṣẹ́ wa ni láti mọ bí agbo ìràwọ̀ ńlá tí ayé wa wà nínú rẹ̀ ṣe wúwo tó. Òṣùwọ̀n wo ló fẹ́ gbé e? Àmọ́ ìdì ìràwọ̀ kékeré kan ń yí i ká. Agbo ńlá náà ń fà á ya, àwọn ìràwọ̀ tó já kúrò lára ìdì náà sì tò lọ rẹrẹ bí ìjàlọ. Bí ìlà yẹn bá ṣe tẹ̀ la fi ń mọ ìwúwo ohun tó ń fà á. Ṣùgbọ́n ìlà tèmi já láàárín, ìṣirò mi ò sì bára mu. Ọ̀gá ti ní bí kò bá gún kó tó di ọjọ́ Ẹtì, òun á fòpin sí iṣẹ́ náà. Ọdún mẹ́fà mi nìyẹn o!

Obìnrin náà ń ka nọ́ńbà: ibi tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ibi tó ń lọ. Ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ka òmíràn. Ogún ló kà. Mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ bó ṣe ń kà wọ́n.

"Ẹ ti ṣà púpọ̀ nínú wọn dànù," ó ní. " Nǹkan tí ẹ ò lè fojú rí ló gba àárín ìlà kọjá, òun ló tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́." Tẹlifóònù náà sì kú.

Lóòótọ́, ìràwọ̀ tí kò bá bá ẹgbẹ́ rìn, ṣe la máa ń ṣà á kúrò bí òkúta inú ẹ̀wà. Mo tú àwọn tí a dànù: mẹ́tàdínlógún wà níbẹ̀. Mo dá wọn padà, ìṣirò mi gún régé! Mo fò sókè, àga ṣubú. Mẹ́ta tó kù, kò sí awò-awọ̀nàjíjìn tó tíì rí wọn.

Mo lọ ròyìn ìpè náà fún Ọ̀gá. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, lọ jẹun." Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ikọ́ náà, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Aláwò nìyẹn," ó ní. "Òun ló ń ṣa ìràwọ̀ níbí kí o tó dé. Ó ní ká má da mẹ́tàdínlógún kan nù. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo èèyàn, mo fa ìwé rẹ̀ ya. Ọdún kọkànlá rèé tó ti kú."

"Ogún ló kà fún mi, Ọ̀gá."

Ó rọra jókòó.

Lọ́jọ́bọ̀, èsì dé láti ọ̀dọ̀ awò-awọ̀nàjíjìn tuntun tí Ọ̀gá ní kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ibẹ̀. Àwọn mẹ́ta náà wà níbẹ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe kà wọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dúró níwájú gbogbo ilé iṣẹ́, mo sọ bí agbo ìràwọ̀ wa ṣe wúwo tó, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí etí mi fi ń hó. Ọ̀gá dìde, ó kọ orúkọ Ìyá sórí ìwé ìwádìí náà, ṣáájú tèmi àti tirẹ̀.

"Ìyá, ẹ jàre," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi."

Inú mi dùn, ara mi sì bù máṣọ. Àṣé láti ọdún mọ́kànlá yẹn, Ìyá ò fiṣẹ́ sílẹ̀.