Igun Tí Philip Jókòó Sí

"Fọlákẹ́, kí lo fẹ́ kọ́ lọ́sẹ̀ yìí?"

Bí Ọ̀gbẹ́ni Mákindé ṣe máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nìyí láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Nígbà tó padà sílé sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ó sọ sítọ̀ kòkó bàbá rẹ̀ di ilé-ìwé àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Kò sí pàṣán níbẹ̀, kò sí agogo. Ohun tó bá wu akẹ́kọ̀ọ́ ló máa yàn, á sì gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ sí igun tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Bàyọ́lọ́jì wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, físíìsì wà lábẹ́ fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì ni Fọlákẹ́ fẹ́ dà láti kékeré, bàyọ́lọ́jì ló sì yẹ kó yàn. Ṣùgbọ́n Philip ti jókòó sábẹ́ fèrèsé. Oòrùn àárọ̀ ń tàn sí i lójú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ọkàn Fọlákẹ́ sì yọ́ bí òrí.

"Físíìsì ni, sà."

Florence, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ìgúnpá gún un. "Ìwọ tí ò ń sá fún ìṣirò? Àbí Físíìsì ni wọ́n ń pe Philip báyìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Mákindé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó wù ọ́ lóòótọ́?"

"Ó wù mí, sà."

"Ó dáa. Gbé bẹ́ǹṣì rẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Florence kìlọ̀ fún un títí ó fi sú u.

"Bàyọ́lọ́jì ńkọ́, ìyàwó Philip? Ta ló máa bá ọ kọ ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò?"

"Mò ń kà á nílé jàre."

Kò kà á. Tó bá ṣí ìwé, ohùn Philip ló máa ń gbọ́. Bí màmá rẹ̀ bá béèrè pé, "Ṣé ò ń ka ti nọ́ọ̀sì yẹn?" á dáhùn pé, "Mò ń kà á, Màmi."

Lọ́jọ́ ìdánwò bàyọ́lọ́jì, wọ́n ya àwòrán kíndìnrín, wọ́n ní kí ó dárúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Fọlákẹ́ wo àwòrán náà títí omi fi bo ojú rẹ̀. Kò mọ ọ̀kankan.

Nígbà tí èsì jáde, Philip yege. Fọlákẹ́ fìdí rẹmi nínú bàyọ́lọ́jì àti físíìsì. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ní Adó kò gbà á.

Ó sáré bá Philip ní gáréèjì, níbi tó ti ń wọkọ̀ Àkúrẹ́ lọ sílé-ẹ̀kọ́ gíga.

"Philip, torí tìẹ ni mo ṣe kọ́ físíìsì."

Philip yanu. "Tèmi? Fọlákẹ́, mi ò mọ̀ o. Mo rò pé o fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ṣebí ẹnu ara rẹ lo fi ń sọ ọ́?"

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, kò sì sí ìfẹ́. Ohun tó dun Fọlákẹ́ jù nìyẹn. Ọkọ̀ gbéra.

Ó bá Ọ̀gbẹ́ni Mákindé nínú sítọ̀. "Sà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe torí ẹ̀kọ́ ni mo ṣe lọ síbẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò lé mi kúrò?"

Àgbàlagbà náà wolẹ̀. "Mo mọ̀. Mo rò pé wàá dìde fúnra rẹ."

"Ọmọdé ni mí, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Mákindé gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ kúrò lábẹ́ fèrèsé.

Nílé, màmá rẹ̀ ti di ẹrù rẹ̀. "Ulé àǹtí rẹ n'Ìjerò ni ò ń lọ. Iṣẹ́ irun ni wàá kọ́. Mo ti bá a sọ ọ́."

Ìjerò ni Fọlákẹ́ wà títí dòní, ó ń di irun fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti ọsibítù. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn, á tẹjú mọ́ orí tó ń dì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìfẹ́ dùn, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o yan ọ̀nà ara rẹ, tí o sì yan ti ẹlòmíràn, ẹni náà yóò dé ibi tó ń lọ. Ìwọ ni kò ní dé tìrẹ.